Ẹ̀jẹ̀ Inú Ìgò Fọ́màn

"Gbé ọmọ ẹ, gbé ẹrù ẹ, kó o jáde! Ìwé ti sọ̀rọ̀! Ìwé kì í parọ́!"

Ohùn Ìyá Fọ́màn ni. Láti ìta géètì ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé kó tó fẹ̀yìn tì, ohùn tó fi ń dá igba ọmọ dúró lórí ìlà kò sì tíì kúrò lọ́fun rẹ̀.

"Mi ò jáde o, Mà! Ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ mi wá lé mi. Ẹ̀yin kọ́ lẹ fẹ́ mi!"

Ìyàwó ilé ló dáhùn bẹ́ẹ̀. Mi ò kan ilẹ̀kùn mọ́. Mo tì í ṣí, mo wọlé.

Àgbà mẹ́ta àti ọmọ ọwọ́ kan ló wà ní pálọ̀. Ìyá Fọ́màn dúró láàárín, ó gbé ìwé funfun kan sókè bíi tíṣà tó fẹ́ ka èsì ìdánwò olódo fún gbogbo kíláàsì. Ìyàwó, aránṣọ ni, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbé ọmọ oṣù mẹ́rin mọ́ àyà. Ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, hẹ́límẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún. Fọ́màn ni gbogbo ayé ń pè é, torí òun ló ń darí àwọn tó ń kọ́ ilé alájà mẹ́fà kan. Níbi iṣẹ́, ọgọ́ta ọkùnrin ló ń pàṣẹ fún. Nílé, ilẹ̀ ló ń wò.

"Ìwọ ta ni?" Ìyá Fọ́màn fi ojú wọ̀n mí látòkè délẹ̀.

"Èmi lẹni tí ìyàwó yín pè, Mà. Àǹtí Kí-ló-fà-á."

Ẹnu àwọn ọlọ́pàá ni orúkọ yẹn ti jáde. Mi ò wọ aṣọ ìjọba rí, ìwé tí mo kà kò sì ju èyí tí mo fúnra mi ṣí lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti lọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, èmi ni wọ́n ń pè, ìbéèrè kan náà ni mo sì máa ń fi wọlé.

"Kò sóhun tó fà á!" Ó na ìwé náà sí mi nímú. "Ka ibẹ̀ yẹn. Ṣé o mọ̀wé kà?"

"Mò ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, Mà."

Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ìwé náà ti wá. Orí ọmọ yìí kéré ju bó ṣe yẹ lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ni dókítà bá ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, àti ti ìyá, àti ti bàbá. Ọmọ: jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní KIF11 ti já. Ìyá: tirẹ̀ ò já. Bàbá: tirẹ̀ ò já. Lẹ́yìn náà, nísàlẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà dúdú kirikiri: "Ọkùnrin tó ni ẹ̀jẹ̀ yìí kọ́ ni bàbá ọmọ yìí."

"Lọ́yà ń bọ̀ ní aago mẹ́rin," ni Ìyá Fọ́màn wí. "Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ti délẹ̀. Àgbèrè ni mo ní kí wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹni tó bá tún fẹ́ fẹ́ ẹ lè rí i kà."

Fọ́màn dìde. Ó dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gba iwájú ìyàwó rẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ àga kọjá, ó lọ síbi iṣẹ́.

Aago ara ògiri ti kọjá mẹ́wàá díẹ̀. Mo kọjú sí ìyàwó.

"Wò mí lójú. Ṣé o ṣe é?"

"Mi ò ṣe é." Ojú rẹ̀ ò yẹ̀. "Ẹ sì rí i, Àǹtí? Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí. Ọjọ́ kẹta rèé tí ìwé yẹn ti dé, ọkọ mi ò bi mí. Tó bá jẹ́ pé ó bi mí lẹ́ẹ̀kan péré ni, kódà kó fìbínú bi mí, ǹ bá ti rí oorun sùn."

Ọmọ náà ta ẹsẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi bò ó ṣí. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú rọ́bọ́tọ́ bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n pò, tí wọ́n wá gbàgbé sínú ọpọ́n.

"Ṣé bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe máa ń rí nìyí?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti bí i ni."

"Ẹ fi ẹsẹ̀ ọmọ sílẹ̀!" Ìyá Fọ́màn ti fo dé ibẹ̀, ó ti fa aṣọ bo ẹsẹ̀ náà. Obìnrin tó ń sọ pé ọmọ náà kì í ṣe ọmọ ọmọ òun ló ṣe bẹ́ẹ̀! Mo wo ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà. Oòrùn ń jó páànù níta, síbẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn bíi ti ẹni tó ń sá fún òtútù ló wọ̀ dé orúnkún. Mo fi sọ́kàn. Mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

"Ẹ̀yin lẹ pààrọ̀ ìgò!"

Bí mo ṣe sọ ọ́ lu obìnrin tó ni ilé àyẹ̀wò nìyẹn, kí n tó jókòó rárá. Ẹni kúkúrú kan ni, tó ń sáré sọ̀rọ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló pààrọ̀ ìgò? Níbí? Àǹtí, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mi ò pààrọ̀ ìgò omi mímu rí, ká má tíì sọ ti ẹ̀jẹ̀!"

"Ó dáa. Ẹ ṣàlàyé KIF11 yìí fún mi, bí ẹni ń ṣàlàyé fún ẹni tí ò kàwé, torí mi ò kàwé."

Ojú rẹ̀ tàn. Ó ṣa pẹ́ńsù méjì lórí tábìlì, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Sẹ́ẹ̀lì kan fẹ́ di méjì. Kó tó pín, á ta okùn tín-ín-tìn-ìn-tín sínú ara ẹ̀, òun ló máa fi fa ẹrù tó wà nínú ẹ̀ lọ sí apá méjì. Ta ló máa ti àwọn okùn yẹn kúrò lára ara wọn? Alábàárù ni! Purotéènì kan tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ó ní ẹsẹ̀ lápá ìhín, ó ní ẹsẹ̀ lápá ọ̀hún. Ti ìhín dúró lórí okùn kan, ti ọ̀hún dúró lórí ìkejì." Ó fi ìka ọwọ́ rẹ̀ rìn lórí pẹ́ńsù méjèèjì, pẹ́ńsù ń yọ̀ lọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. "Bó ṣe ń rìn ni okùn méjèèjì ń sá fún ara wọn, tí sẹ́ẹ̀lì á fi là sí méjì. Ẹ rò ó wò! Nínú ara yín ló ti ń ṣẹlẹ̀ báyìí, bẹ́ ẹ ṣe dúró yẹn!"

Mo wo apá mi. Mo ti gbé àádọ́ta ọdún láyé láìmọ̀ pé alábàárù ń ṣiṣẹ́ fún mi.

"KIF11 ni ìlànà tí ara ń wò kó tó ṣe alábàárù yẹn. Méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Tí ọ̀kan bá já, alábàárù ò pé mọ́. Nínú oyún, orí ọmọ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ hàn. Orí á kéré. Nígbà mìíràn, á mú ẹ̀yìn ojú. Nígbà mìíràn, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á wú láti ọjọ́ ìbí."

Mo wá jókòó. "Ẹsẹ̀ lẹ wí?"

"Ẹsẹ̀. Omi ara tí kò rọ́nà padà ni. Ohun tó sì máa ń tan èèyàn jẹ ni pé kì í mú gbogbo ẹni tó ní in bákan náà. Ẹnì kan lè ní in kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀ kàn wú díẹ̀ ni, orí ẹ̀ kéré díẹ̀, á ṣiṣẹ́, á fẹ́yàwó, kò ní mọ nǹkan kan. Ọmọ tó bá bí á wá gbà á gbóná. Ó sì lè jẹ́ pé lára ọmọ gan-an ló ti kọ́kọ́ já, kó má ti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni wá."

"Ẹni tẹ́ ẹ ní kì í ṣe bàbá yìí, báwo ló ṣe jìnnà sí ọmọ náà tó?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí."

"Èmi ń bi yín."

Ó tẹ kọ̀ǹpútà. Ó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Háà."

"Kí ni háà?"

"Bàbá àti ọmọ máa ń pín ìdajì. Àjòjì méjì kì í pín nǹkan tó ṣe é kà. Àwọn méjì yìí pín ìdámẹ́rin."

"Ta ló ń pín ìdámẹ́rin?"

"Bàbá tó bí bàbá. Tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá. Tàbí àbúrò ẹ̀."

Bàbá tó bí Fọ́màn ti kú tipẹ́. Fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ikú rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀.

"Ta ló gba ẹ̀jẹ̀ yìí lára wọn?"

"Kì í ṣe àwa. Ilé ni wọ́n ti gbà á. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan ló gbé ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá fún wa, ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ ni òun."

Mo jáde sínú oòrùn. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú mi. Bí ẹ̀jẹ̀ inú ìgò bá jẹ́ ti Fọ́màn lóòótọ́, a jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Nọ́ọ̀sì ló fún ìyàwó lóyún, Fọ́màn kàn jẹ́ àbúrò bàbá ọmọ. Bí ẹ̀jẹ̀ inú ìgò bá sì jẹ́ ti Nọ́ọ̀sì, Fọ́màn ni bàbá, wọ́n sì ti ba ìyàwó lórúkọ jẹ́ lásán. Ìdámẹ́rin lọ́tùn-ún, ìdámẹ́rin lósì! Ìwé ò parọ́. Ìwé ò kàn mọ apá tí ẹ̀jẹ̀ ti jáde ni.

Mo fi fóònù pe ìyàwó.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ, ṣé ó máa ń wá sọ́dọ̀ ẹ nígbà tí ọkọ ẹ ò bá sí nílé?"

"Ó máa ń wá."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ó tó mẹ́fà lọ́dún tó kọjá. Èmi ni mò ń rán aṣọ funfun iṣẹ́ ẹ̀. Àǹtí, tẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ yé rìn yí i ká bí ológbò."

"Ṣé ó fọwọ́ kàn ọ́ rí?"

"Èmi ni mo fọwọ́ kàn án! Téèpù ló wà lọ́wọ́ mi!" Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Èmi náà pa tèmi. Inú mi dùn sí obìnrin yẹn. Ṣùgbọ́n inú dídùn kọ́ ni ẹ̀rí.

Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé, ẹ̀ṣọ́ ò jẹ́ kí n wọlé láìdé hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Fọ́màn bọ́ tirẹ̀ fún mi, ó mú òmíràn lórí ìṣó. Mo gbé e lé orí. Kò wọlé. Mo yí i wò: wọ́n ti fa okùn inú rẹ̀ dé ihò tó gbẹ̀yìn pátápátá, wọ́n tún wá ká aṣọ sínú rẹ̀ kó má baà bọ́.

"Orí ẹ kéré, Fọ́màn."

"Bẹ́ẹ̀ làwọn òṣìṣẹ́ mi náà ṣe ń sọ, tí wọ́n bá rò pé mi ò gbọ́."

Mo wolẹ̀. Bàtà iṣẹ́ rẹ̀ ò ní okùn, wọ́n sì ti fi ọ̀bẹ la iwájú rẹ̀.

"Kí ló ṣe bàtà ẹ?"

"Ẹsẹ̀ mi máa ń wú ni. Mo jábọ́ lórí àtẹ̀gùn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, màmá mi ló sọ fún mi."

"Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ló jábọ́?"

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wọn pàdé.

"Ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ, báwo ló ṣe lọ?"

"Lórí tábìlì oúnjẹ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbà á, màmá mi gbé àwo dání. Mo kọjú sí ògiri ní tèmi, mi ò lè wo ẹ̀jẹ̀."

"Ìyàwó ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti gba tiẹ̀ tán, ó ti lọ fún ọmọ lọ́mú."

"Kí ló dé tó ò bi í?"

Ó gba hẹ́límẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́wọ́ mi. "Kí ni mo tún fẹ́ bi í, Àǹtí? Ìwé ti dé."

"Wà nílé ní aago mẹ́rin."

Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó ni gbogbo rẹ̀ tò sójú kan. Orí kékeré, ẹsẹ̀ wíwú: Fọ́màn fúnra rẹ̀ ló ní jíìnì tó já, òun ló sì fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò "Bàbá" kò ní in. A jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ inú ìgò kì í ṣe ti Fọ́màn! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó lórí pákó yẹn. Ó wá ku kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣe é.

Nọ́ọ̀sì ń to bándéèjì sínú kọ́bọ́ọ̀dù ní kílíníìkì tó ti ń ṣiṣẹ́. Sálúbàtà ló wọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, iṣan rẹ̀ hàn kedere.

"Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá ò dáa. Ilé àyẹ̀wò tún ẹ̀jẹ̀ inú ìgò 'Bàbá' wò. Wọ́n rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó ni ín má jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ kó tó rí dókítà."

Irọ́ gbuu ni. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Bándéèjì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí... kí ni wọ́n rí?"

"Wọn ò sọ fún irú wa. Mò ń lọ sọ fún àbúrò ẹ."

"Ẹ... ẹ sọ fún un. Ẹ tètè sọ fún un, Mà."

Mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo yí gba ẹ̀yìn ilé, mo yọjú láàárín gíláàsì fèrèsé. Mi ò tíì kà dé ogún tí Nọ́ọ̀sì fi ti kọ́kọ́rọ́. Ó ká apá aṣọ sókè. Ó so rọ́bà mọ́ apá ara rẹ̀, ó fi eyín fà á kó le, ó gbé abẹ́rẹ́ lé iṣan.

"Nọ́ọ̀sì!" mo kígbe láti ojú fèrèsé. "Àìsàn Fọ́màn, ṣé apá tìẹ lo ti ń wá a?"

Abẹ́rẹ́ bọ́ sílẹ̀. Òun náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màmá ni," ló wí. "Wọ́n ní tí dókítà bá rí àìsàn yẹn lára àbúrò mi, á tọ ipa ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn. Wọ́n ní kí n da tiẹ̀ nù, kí n fi tèmi sínú ìgò. Wọ́n ní ọmọ ìyá kan náà ni wá, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ìwọ tó o kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, o gba ìyẹn gbọ́?"

"Màmá ló sọ ọ́, Àǹtí! Orí ọmọ la ní kí wọ́n wá ìdí ẹ̀, mi ò mọ̀ pé wọ́n tún máa wo ẹni tó bí i!"

"Nígbà tí ìwé wá dé, tí wọ́n ń pe ìyàwó àbúrò ẹ ní alágbèrè ńkọ́?"

Ó bú sẹ́kún. "Màmá ní kí n dákẹ́."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mọ́kànlélógójì."

"Dìde. Ó yá."

Aago mẹ́rin lù. Lọ́yà ti tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ, ó ti yọ ìdérí bírò. Ẹrù ìyàwó wà lẹ́nu ọ̀nà, màṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Mo wọlé pẹ̀lú Nọ́ọ̀sì àti obìnrin ilé àyẹ̀wò.

"Nọ́ọ̀sì, sọ ohun tó o sọ fún mi."

Ìyá rẹ̀ kàn wò ó ni. "Kí lo fẹ́ sọ?" ló bi í, pẹ̀lú ohùn ilé-ìwé yẹn.

"Kò sí nǹkan kan, Mà."

Mo mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Mo mi orí sí obìnrin ilé àyẹ̀wò. Ó to gíláàsì pẹlẹbẹ mẹ́ta sórí tábìlì, ó gbé ìgò tí wọ́n kọ "Bàbá" sí jáde, ó kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí àkọ́kọ́, ó kán oògùn àyẹ̀wò sí i. Gbogbo wa na ọrùn. Ẹ̀jẹ̀ náà ṣù bíi wàrà tó bàjẹ́.

"Irú ẹ̀jẹ̀ A ni," ló wí. "Fọ́màn, ẹ mú ìka wá."

Fọ́màn kọjú sí ògiri, ó na ìka. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró lórí gíláàsì kejì, ó ń dán, kò ṣù. Obìnrin náà tún fi oògùn kejì dán an wò. Kò ṣù.

"Irú O. Ìgò yìí kì í ṣe ti Fọ́màn."

"Nọ́ọ̀sì, ìka tìẹ ńkọ́?" ni mo wí.

Nọ́ọ̀sì na ìka bí ọmọ tó fẹ́ gba ẹgba. Oògùn ò tíì kan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dáadáa tó fi ṣù. Nọ́ọ̀sì la ẹnu, gbogbo rẹ̀ sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà: àwo, ìgò, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n dà sínú síǹkì, "ẹ̀jẹ̀ kan náà ni".

Fọ́màn kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ló wí, ó sì fa ìbọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ tó yọ jáde wú rọ́bọ́tọ́. Ẹsẹ̀ ọmọ ni, àmọ́ ó ti di àádọ́rin ọdún.

"Nítorí irú ẹsẹ̀ yìí ni wọ́n ṣe lé ìyá mi nílé ọkọ," ni Ìyá Fọ́màn wí. Ohùn ilé-ìwé ti lọ. "Mo fi í pamọ́ fún bàbá yín títí ó fi kú. Mo ní kò sẹ́ni tó máa rí tèmi."

Fọ́màn dìde. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé màṣíìnì ìránṣọ, ó gbé àpò kan lé èjìká, ó ń kó wọn padà sí yàrá. "Ìyàwó mi, má bínú," ló ń wí. "Ìwé ló tàn mí. Má bínú."

Lọ́yà bẹ̀rẹ̀ sí ká ìwé rẹ̀.

"Ẹ dúró, sà," ni ìyàwó wí.

Ó gbé ọmọ fún mi. Ó mú bírò, ó wá ibi tí wọ́n kọ "àgbèrè" sí, ó fa ìlà lé e lórí, ìlà tó tọ́ bí èyí tí aránṣọ fẹ́ gé. Ó kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sókè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì yí ìwé náà sí ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, tó ṣì gbé màṣíìnì dání, kó lè kà á:

"Kò bi mí léèrè."

Ó bu ọwọ́ lù ú.